Bàtà Ọbabìnrin Atìlẹ̀kùn

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ keje tí àwa mẹ́ta ti há sínú ìlú kan tí kò sí níbì kankan.

Ẹ má tíì sọ pé orí mi ti yí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, láti aago méjì sí aago márùn-ún, a máa ń jókòó yí tábìlì ìjẹun Bùrọ̀dá mi ká, a ó máa ṣe eré. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á di ẹlòmíì nínú ayé kan tí a fi ẹnu dá. Èmi tí mo jẹ́ ayàwòrán ilé, tó jẹ́ pé rúlà àti yíǹkì ni mo fi ń jẹun, màá di arìnrìn-àjò tó mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó. Dókítà Eyín, obìnrin tó ń tọ́jú eyín ní òpópónà kejì, á di olè, á sì máa jalè tayọ̀tayọ̀. Wẹ́dà, tó ń jó irin ṣe géètì, tó ga bí òpó iná, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á di olórin. Bùrọ̀dá mi nìkan ni kì í di ẹnikẹ́ni, torí òun ló ni ayé náà. Òun ló máa sọ pé òjò ń rọ̀, pé ẹnì kan ń bọ̀ lókèèrè, pé ògiri wà níwájú yín, kí lẹ fẹ́ ṣe? Tí ohun tá a fẹ́ ṣe bá le, a ó ju dáìsì, bíi ti lúdò, àmọ́ ojú ogún ló ní. Àgbàlagbà ni gbogbo wa o. Àwọn kan ń lọ wo bọ́ọ̀lù, àwa ń lọ sílùú tí kò sí, ohun tó wu kálukú ló ń ṣe.

Ní tèmi, wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ni mo fi ń kúrò lọ́dọ̀ Bàbá wa láàárín ọ̀sẹ̀. Afìwéránṣẹ́ ni Bàbá fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, kò sí ilé tí wọn ò mọ̀. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni iyè wọn ti ń fò. Láàárọ̀, wọ́n mọ̀ mí, wọn á tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò lè dín ẹyin kó má jóná. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn á gbé àpò kọ́ èjìká, wọn á ṣa gbogbo ìwé tí wọ́n bá rí nínú ilé sínú rẹ̀, ìwé iná, kàlẹ́ńdà àtijọ́, àwòrán ilé àwọn oníbàárà mi, wọn á sì kọjú sí ilẹ̀kùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣílẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń retí." Èmi ni nọ́ọ̀sì. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ọmọ wọn obìnrin ńkọ́. Wọ́n ní ìyẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, pé ó ń ṣe dáadáa, ọmọ gidi ni. Mo jowú ọmọ náà gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni lẹ́tà kan wá dé ní orúkọ mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán afárá, ìrìnàjò wákàtí mẹ́fà síbi tí à ń gbé, ní àwọn ti rí iṣẹ́ mi, àwọn fẹ́ kí n wá. Kí n dáhùn kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, mo sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ pátákó tí mo fi ń yàwòrán. Ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti "bẹ́ẹ̀ ni": kí Bùrọ̀dá mi gba Bàbá sọ́dọ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, mi ò lè la ẹnu bá a sọ ọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ kùkù ara rẹ̀.

Ẹ gbọ́ irú ẹni tí Bùrọ̀dá mi jẹ́. Tíṣà ìtàn ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré: ìtàn ò lójú kan. Ẹ bi í bóyá òjò ń rọ̀, á ní ó kù sọ́wọ́ ibi téèyàn dúró sí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bi í pé ta ni yóò máa gbé pẹ̀lú Bàbá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀, ká ṣì máa wò ó. A ṣì ń wò ó. Òun ń wò ó láti ilé rẹ̀, èmi ń wò ó láti inú ilé Bàbá.

Ohun kan sì tún wà tí kò mọ̀. Màmá Ìsàlẹ̀, obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ló máa ń jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo bá wá ṣeré. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó kó lọ gan-an ni Bàbá jáde nígbà tí mo wà ní ilé ìwẹ̀. Etí títì ńlá ni mo ti rí wọn, wọ́n ń na ìwé iná sí àwọn awakọ̀. Mo pe Wẹ́dà, mo ní kó bá mi jó irin mọ́ ilẹ̀kùn wa láti ìta, èyí tí èèyàn lè fi àgádágodo kọ́. Mo parọ́ fún un pé torí ìgbà tí ilé bá ṣófo ni. Láti ìgbà náà, tó bá ti di aago kan àbọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa pa gáàsì, mo máa tan tẹlifíṣọ̀n, mo máa ti Bàbá mi mọ́lé bí ẹni ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́rú láàárọ̀ ni Bùrọ̀dá mi máa ń wá kí wọn, ìyẹn ìgbà tí iyè wọn bá wà nílé. "Ara Bàbá le, àbí?" á ní. Màá ní ara wọn le.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlú tá a há sí. Ògiri ló yí i ká, géètì kan ṣoṣo ló ní, ọbabìnrin kan ló sì ti géètì náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Atìlẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Inú ihò kan lára ògiri la gbà wọlé, ihò náà sì wó lẹ́yìn wa. Arúgbó kan tó ń ṣọ́ géètì sọ fún wa pé yóò ṣí fún ẹni tó bá lè sọ irú ọba tí Atìlẹ̀kùn jẹ́: ṣé ó dáàbò bo àwọn èèyàn rẹ̀ ni, àbí ó fi wọ́n sẹ́wọ̀n? Ẹ̀ẹ̀kan la lè dáhùn. Tá a bá ṣì í, ibẹ̀ la ó wà.

Ẹ̀rí mẹ́ta la rí. Àkọ́kọ́ ni òkúta kan láàárín ìlú, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àìsàn ń pa èèyàn lóde lọ́dún tó ti géètì, ẹnì kan ò sì kú nínú ìlú. Èkejì ni ògiri yàrá kan tí ẹnì kan fi ìṣó kọ̀wé sí: "A kanlẹ̀kùn fún ogójì ọjọ́. Ó ń gbọ́ wa. Kò ṣí i." Ẹ̀kẹta ni ìwé oníbàtà kan. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti géètì gan-an ni ọbabìnrin ní kó rán bàtà ìrìnàjò fún òun, èyí tó lè rin ọ̀nà jíjìn. Bàtà náà ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, eruku ti bò ó. Kò wá gbà á.

Òfin tábìlì wa kò pọ̀. Ìwé ńlá kan wà tí à ń pè ní ìwé ìlú. Ohun tá a bá fi pẹ́ńsùlù kọ síbẹ̀, àhesọ ni, a lè jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Pẹ́ńsùlù la fi kọ ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tá a bá fi yíǹkì kọ, tàbí tá a fi yíǹkì yà sórí àwòrán ìlú, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé parẹ́. Bíìrò pupa kan sì wà tá a fi okùn so mọ́ ìwé náà. Ìdájọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi pupa kọ, àríyànjiyàn ti parí lórí rẹ̀. Òfin ò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ lò ó, a kàn ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ayé. Ọdún mẹ́fà la ti ń ṣeré, Bùrọ̀dá mi ò tíì yọ ìdérí rẹ̀ rí. Mo gbà pé yíǹkì inú rẹ̀ á ti gbẹ.

Èmi ni mo dé kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo wà nínú àpò ṣòkòtò mi, ó ń gún mi ní itan. Mo ti búra fún ara mi pé kí aago márùn-ún tó lù, màá sọ ti lẹ́tà náà fún Bùrọ̀dá mi. Àmọ́ ó ti ṣí ìwé ìlú kí n tó jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí lónìí," Dókítà Eyín ní. "Ó ti sú mi. Ẹ̀wọ̀n ló fi wọ́n sí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, kí ni gbogbo ìlú ṣe fún un? Wọ́n ń kanlẹ̀kùn, ó ń gbọ́, òun ti ní kí wọ́n máa rán bàtà. Ó fẹ́ sá ni."

"Tó bá fẹ́ sá, kí ló dé tí kò gba bàtà náà?" mo bi í.

"Bóyá kò bá a lẹ́sẹ̀ mu."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá mi gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. "Tá a bá wò ó láti apá kan..."

"Tíṣà, ẹ má bẹ̀rẹ̀," Dókítà Eyín ní. "Ọ̀sẹ̀ méje lẹ ti fi ń wò ó láti apá kan."

Ó yẹ kí n bá wọn rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni inú ń bí mi. Mi ò mọ̀gbà tí mo dìde dúró.

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," mo ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ó rọrùn fún yín. Àìsàn wà lóde! Tó bá ṣí i, tí wọ́n jáde lọ kú, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ pé ọba burúkú ni. Tí kò bá ṣí i, ẹ ní ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n. Ta ló bi í bóyá òun náà fẹ́ jáde? Inú ló wà pẹ̀lú wọn! Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn, òun náà ò rí oorun sùn. Ó ní bàtà nílẹ̀, kò rẹ́ni dúró dè é kó lè lọ gbà á. Ara rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́."

Gbogbo wọn ń wò mí. "Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," Bùrọ̀dá mi ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé ìtàn..."

"Àǹtí, ẹ má bínú o," Wẹ́dà ní. Ó ti fa àwòrán ìlú sọ́dọ̀. Ìka rẹ̀ tó nípọn, tí iná ti jó lójú méjì mẹ́ta, wà lórí géètì. "Kò sí nínú. Ìta ni irin ìdábùú wà."

A tẹ orí ba àwòrán náà. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń ṣe géètì jẹun, ibi tí wọ́n ti ń tì í ló máa kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yà á ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí a ò tíì wọ ìlú náà rí, tí a ń ti ọ̀nà wò ó lókèèrè. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ lójú kan náà pé ó tì, ni mo bá ya ìdábùú síbi tí a ó ti rí i. Ká ní ilé oníbàárà ni, mi ò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, màá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ta ló ń wọn ilẹ̀kùn ìlú tí kò sí? Yíǹkì dúdú sì ni. Ó ti ṣẹlẹ̀.

Dókítà Eyín pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Ìta ló dúró sí tó fi tì í. Ó tì wọ́n mọ́lé, ó bá tiẹ̀ lọ."

Wẹ́dà ò pàtẹ́wọ́. Kò wo àwòrán mọ́ pàápàá. Èmi ló ń wò. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: irin tó jó mọ́ ilẹ̀kùn wa, ilé tó ṣófo, èmi tí mo jókòó síbí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ Bàbá báyìí?"

"Ṣebí Màmá Ìsàlẹ̀ ni," Bùrọ̀dá mi dá a lóhùn, ó ń ṣí ìwé lọ. "Òun ló máa ń wà ńbẹ̀."

Irọ́ náà ti wà létè mi. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni mo ní í sọ. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí dé eegun. Mo fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, mo sì gbé e lé orí àwòrán ìlú, síbi géètì gan-an.

"Màmá Ìsàlẹ̀ ti kó lọ láti oṣù mẹ́ta," mo ní. "Ìta ni ìdábùú wà."

Bùrọ̀dá mi wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí, ó tún wo kọ́kọ́rọ́.

"O ti Bàbá mọ́lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn nìkan? Tí ilé bá gbiná ńkọ́?"

"Mo ti rò ó. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń rò ó, láti aago méjì sí aago márùn-ún. Ẹ̀yin máa ń rò pé eré ni mò ń ṣe."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo sọ fún yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀."

Ó dìde. Mi ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwà ìkà nìyẹn," ó ní. "Ìkà gbáà ni. Kò ní orúkọ méjì."

Ẹ wò ó. Ọkùnrin tí kò dájọ́ ọba kankan rí, ọba tó sun ìlú àti ọba tó ta ọmọ rẹ̀ nínú eré wa, tó ní ká máa wò ó láti apá kan, ìṣẹ́jú kan péré ló fi dájọ́ tèmi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tó wá burú jù ni pé mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó sáré jáde. Wẹ́dà tẹ̀ lé e torí òun ló ní ọkọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Wẹ́dà yíjú padà wò mí, ó sì lọ.

Ó yẹ kí n bá wọn lọ. Mi ò lọ. Ọdún mẹ́ta rèé, kò sẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ Bàbá lọ́wọ́ mi rí, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo jókòó padà sórí àga, itan mi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń gún láti ọ̀sán sì fúyẹ́ lọ́nà kan tó ń tì mí lójú.

Dókítà Eyín lọ po tíì, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó. "Ẹnu mi ló pọ̀ jù," ó ní. "Má bínú." Mi ò mọ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo sọ ti lẹ́tà náà fún un, iléeṣẹ́ afárá, wákàtí mẹ́fà, aago méjìlá ọ̀la. Ó gbọ́ ọ tán.

"Kí lo wá fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ó ní apá púpọ̀," mo ní. "Tá a bá wò ó..."

"Háà!" ó ní. "Ẹnu ẹ ti jọ ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Mo mu tíì. Ó ti tutù.

Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí fóònù mi dún. Bùrọ̀dá mi ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń gbọ́ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ lára irin, gbà, gbà, gbà.

"Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn," ó ní. "Ara wọn dá nígbà tá a dé o, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo tiẹ̀ fẹ́ pè ẹ́, kí n sọ̀rọ̀ sí ẹ. Àfi bí wọ́n ṣe dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò mọ̀ mí mọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Láti aago mẹ́rin. Tó bá di aago méje, á rọlẹ̀."

"Méje! Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Gbà, gbà, gbà. "Wọ́n ti bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan. Wẹ́dà ló sáré gbé wọn padà, wọ́n sì gbá a létí." Nígbà tó sọ ìyókù, ohùn rẹ̀ kéré bíi tìgbà tá a wà lọ́mọdé, tó bá ti fọ́ abọ́. "Mo ti ti ilẹ̀kùn."

"Inú ni àbí ìta?"

"Inú. Mo wà nínú pẹ̀lú wọn."

Wákàtí kan kò tíì pé tó pè mí ní ìkà.

"Wọ́n fún mi ní lẹ́tà kan," ó ní. "Wọ́n pè mí ní ọ̀gá. Wọ́n ní lẹ́tà pàtàkì ni, ó gbọ́dọ̀ dé lónìí, kí n buwọ́ lù ú pé mo ti gbà á. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá àfìgbà tí mo buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni mo buwọ́ lù." "Orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀. Mo kà á."

Abẹ́ pátákó ìyàwòrán mi ni mo fi í sí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí Bàbá fi pín ìwé, lẹ́tà kan ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí.

"Ọ̀la ni," mo ní. "Aago méjìlá."

"Mo rí i." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí, ṣé o mọ̀ pé ó ní apá..."

"Ọ̀gá," mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń retí."

Bùrọ̀dá mi ò parí gbólóhùn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí gbólóhùn yẹn máa kú sí i lẹ́nu. "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn," ó ní. "Kí ni mo máa ṣe?"

"Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀, pé lẹ́tà á tutù, kí wọ́n jẹ́ kó dá."

"Oòrùn ń ràn lóde."

"Bùrọ̀dá. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa."

Mo gbọ́ tó gbé fóònù kúrò létí. Ó wúkọ́. Ohùn tó wá jáde ni ohùn ọjọ́ Ìsinmi, èyí tó fi ń mú wa wọ igbó. "Òjò ń rọ̀, Bàbá," ó ní. "Òjò ńlá ni. Ó ti bo òpópónà. Mi ò tiẹ̀ rí ilé òdìkejì mọ́." Kò sọ pé ó kù sọ́wọ́ ibi téèyàn dúró sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Ilẹ̀kùn náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì dún mọ́.

"Wọ́n ti jókòó," ó ní fún mi, lẹ́lẹ̀lẹ̀. "Wọ́n gbé àpò lé ẹsẹ̀." Kò tíì gé fóònù. Mò ń dúró kó sọ pé máa lọ, mò ń dúró kó sọ pé màá gbà wọ́n. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Oògùn wọn ńkọ́?" Mo sọ ibi tó wà fún un, méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì ní kí n tún un sọ, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Dókítà Eyín ń wo àwòrán ìlú. "Àwa ńkọ́?" ó ní. "A ṣì há o."

Mo fa ìwé ìlú sọ́dọ̀, mo sì mú bíìrò pupa. Mo wo Dókítà Eyín bóyá ó máa kọ̀ fún mi. Kò kọ̀, ó kàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ojú mi ń ṣomi nígbà yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí, ẹ̀rù Bàbá, ẹ̀rù ọ̀la, ẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni Bùrọ̀dá mi máa lè ṣe, táá tún pè mí. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fa bíìrò náà lẹ́ẹ̀kan, kò yọ. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì sí etí ìwé, yíǹkì jáde.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Atìlẹ̀kùn dáàbò bò wọ́n, ó sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Méjèèjì ni. Ó wà nínú pẹ̀lú wọn títí ẹnì kan fi wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló lọ gba bàtà rẹ̀, tó jáde, tó ti géètì láti ìta, tó sì rìn lọ."